Eyín Ọmọ Tó Kú Kí Gbòǹgbò Rẹ̀ Tó Gbó: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí lórí Ìtọ́jú Tó Ń Mú Gbòǹgbò Tún Dàgbà

Eyín àgbà méjì tó tóbi jù níwájú lókè máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 7 sí 8. Àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá bí ọmọ bá já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, tó fẹnu gbálẹ̀, tàbí tí ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkejì bá bà á lẹ́nu níbi eré. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé eyín tó ti yọ lè má tíì parí. Orí rẹ̀ tí a ń rí ti pé, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tó wà nínú eegun ṣì nílò nǹkan bí ọdún 2 sí 3 láti gùn dé ibi tó yẹ, láti nípọn, àti láti pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé.

Múdùnmúdùn eyín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ìyẹn ẹran rírọ̀ inú eyín tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára. Ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé sí i. Bí eyín bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tó rì wọ inú eegun, tàbí tó já bọ́ pátápátá, àwọn iṣan wọ̀nyẹn lè já. Bí wọn ò bá padà so, múdùnmúdùn á kú, kòkòrò àrùn á gba ibẹ̀, gbòǹgbò á sì dúró síbi tó dàgbà dé lọ́jọ́ náà.

Irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń ṣòro tọ́jú. Ògiri gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yà sílẹ̀ gbàràgàdà, nígbà tó jẹ́ pé ti àgbàlagbà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ìtọ́jú gbòǹgbò tí wọ́n ń ṣe fún àgbà kò bá a mu. Bí dókítà bá fi fáìlì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ha inú gbòǹgbò, ha inú rẹ̀, ògiri tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ á tún fẹ́lẹ́ sí i. Bí ó bá sì ki nǹkan sínú rẹ̀, nǹkan náà á yọ jáde nísàlẹ̀ torí kò sí ohun tó máa dá a dúró.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kálíṣíọ̀mù haidirọ́ọ̀sáìdì ni wọ́n ń kì sínú irú eyín yìí, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 6 sí 18, títí ohun líle kan á fi hù dí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Àrùn ń lọ, ìsàlẹ̀ ń dí, àmọ́ ògiri kì í nípọn. Ní 1992, Miomir Cvek, dókítà eyín ní Sweden, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn eyín tí wọ́n tọ́jú báyìí. Nínú àwọn tí gbòǹgbò wọn kéré jù nígbà jàǹbá, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ lọ́rùn nígbà tó yá. Nínú àwọn tí gbòǹgbò wọn ti dàgbà jù, ìdá 28 ni. Lẹ́yìn náà ni MTA dé, sìmẹ́ǹtì oníṣègùn tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Loma Linda ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n ń fi nǹkan bíi mílímítà 3 sí 5 rẹ̀ dí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò láàárín ìjókòó kan tàbí méjì. Ó yá, ó sì dájú, síbẹ̀ ògiri ṣì wà bó ṣe wà.

Ìtọ́jú tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí gba ọ̀nà mìíràn. Dókítà á pa àrùn inú gbòǹgbò láìha ògiri rẹ̀, á mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀ rú wá sínú ihò tó ṣófo, á sì dí i pa lókè, kí ẹran ara tuntun lè hù síbẹ̀. Nygaard-Østby ní Norway ti ń dán ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì inú gbòǹgbò wò láti 1961. Àmọ́ ìròyìn kan láti Japan ní 2001, àti èyí tí Banchs àti Trope tẹ̀ jáde ní 2004, ló jẹ́ kí àwọn dókítà gbà pé ó ṣeé ṣe fún eyín ọmọdé tó ti ní àrùn. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn gbòǹgbò eyín ti Amẹ́ríkà (AAE) àti ti Yúróòpù (ESE) ló ti kọ ìlànà fún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Wákàtí àkọ́kọ́

Bí ọmọ bá dákú, tó ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ti eyín lè dúró. Bí orí ọmọ náà bá dá pérépéré, ẹ wo irú eyín tó bọ́. Eyín ọmọdé kì í ṣe èyí tí a ń dá padà sínú ihò rẹ̀, torí ó lè ba eyín àgbà tó ń dàgbà lókè rẹ̀ jẹ́.

Bó bá jẹ́ eyín àgbà, orí rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bó bá ti dọ̀tí, ẹ rọra ṣàn án díẹ̀ pẹ̀lú wàrà tàbí omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ dá a padà sínú ihò rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ọmọ náà rọra gé aṣọ mímọ́ mọ́ ọn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti ṣe ìyẹn, ẹ fi eyín náà sínú wàrà tútù. Itọ́ ọmọ náà dára, omi iyọ̀ náà dára. Omi lásán kò dára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ jẹ́ kó gbẹ lọ. Ẹ má fi bọ́rọ́ọ̀ṣì họ ọ́, ẹ má sì wé e sínú bébà. Awọ tó bo ara gbòǹgbò ló ń jẹ́ kó lè padà so mọ́ eegun, sẹ́ẹ̀lì ara awọ náà kì í sì í pẹ́ kú níta. Bí eyín bá gbẹ ju ìṣẹ́jú 60 lọ, ìrètí pé á so bó ṣe yẹ á dínkù púpọ̀.

Bó bá jẹ́ pé orí eyín ló kán, ẹ wá èyí tó kán, ẹ fi sínú omi, kí ẹ sì mú un dání lọ. Dókítà lè rí i lẹ̀ padà. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí eyín náà jà fúnra rẹ̀

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, òbí àti dókítà ló sì jọ ń ṣe é. Eyín ti fara pa, ọkàn òbí kò balẹ̀, wọ́n á fẹ́ kí ohun kan di ṣíṣe lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ìsàlẹ̀ gbòǹgbò tó ṣí sílẹ̀, èyí tó jẹ́ ìṣòro lẹ́yìn tí eyín bá ti kú, ni àǹfààní rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Àyè wà níbẹ̀ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ láti padà wọlé fúnra rẹ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àgbáyé lórí ìpalára eyín (IADT) tẹ̀ jáde ní 2020 sọ ọ́ ketekete pé bí wọ́n bá dá eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì gbó padà sípò, kí wọ́n má ṣe wọ inú rẹ̀ àfi tí àmì bá hàn pé múdùnmúdùn ti kú, tí àrùn sì ti wọ ibẹ̀. Wọ́n á kàn fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́ eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 bó bá jẹ́ pé ó já bọ́, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti kú? Dókítà máa ń fi ohun tútù kan eyín láti mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò yìí lè tan èèyàn jẹ fún oṣù 3 lẹ́yìn jàǹbá, torí iṣan ìmọ̀lára tó gba ìpayà lè má dáhùn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sáré nínú eyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀: eyín tó yí padà di rúsúrúsú lè ṣì wà láàyè. Nítorí náà, ó yẹ kí àmì tó ju ẹyọ kan lọ fẹnu kò. Àwọn tó ṣe gúnmọ́ ni ìròrẹ́ kékeré lórí èrìgì tí ọyún ń ti ibẹ̀ jáde, wíwú tó ń lọ tó ń bọ̀, ìrora nígbà tí wọ́n bá kan eyín náà, àti òjìji dúdú yí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ká nínú fọ́tò X-ray.

Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, torí òbí fúnra rẹ̀ lè rí i bí wọ́n bá gbé fọ́tò náà síwájú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya eyín tó fara pa pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni àwọn méjèèjì. Bó bá ṣe pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbòǹgbò ti ẹ̀gbẹ́ ti gùn, ògiri rẹ̀ ti nípọn, tí tìhín sì dúró gbagidi síbi tó wà lọ́jọ́ jàǹbá, iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń dàgbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i.

Dídúró kò túmọ̀ sí gbígbàgbé o. Bí eyín tó já bọ́ bá kó àrùn, gbòǹgbò ọmọdé lè máa jẹ tán kíákíá. Ìlànà IADT fún irú rẹ̀ ni ìpadàbẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, oṣù 1, oṣù 2, oṣù 3, oṣù 6 àti ọdún 1, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún fún ó kéré tán ọdún 5.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti eyín tó kán tí múdùnmúdùn rẹ̀ sì hàn síta, tó pupa, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ààyè ni ìyẹn. Dókítà á gé díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, nǹkan bíi mílímítà 2, á fi oògùn bò ó, á sì jẹ́ kí ìyókù máa kọ́ gbòǹgbò lọ. Múdùnmúdùn ààyè ṣe é ju ohunkóhun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ìtọ́jú yìí yẹ ọmọ yín?

Eyín tó yẹ ni èyí tó jẹ́ eyín àgbà, tí múdùnmúdùn rẹ̀ ti kú, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò gbó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ṣí. Ó tún yẹ kí orí eyín ṣẹ́kù tó láti dúró láìsí ọ̀pá tí wọ́n á gún wọ inú gbòǹgbò, torí àyè tí ọ̀pá yẹn ì bá gbà ni ẹran ara tuntun máa hù sí. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìtọ́jú tó gùn díẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà bí ara rẹ̀ bá kọ oògùn apakòkòrò kankan.

Ohun tó kẹ́yìn ni mo kà sí pàtàkì jù: ṣé ẹ ó lè máa mú un padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ìdílé tó fẹ́ ṣí lọ síbi tí wọn kò ti ní rí dókítà eyín, tàbí tí kò ní lè wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n gba MTA kí ọ̀rọ̀ parí. Bákan náà ni mo rí i fún ọmọ tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn. Kí ni a tún ń wá? Ọmọ ọdún 7 tí gbòǹgbò rẹ̀ dàgbà ìdajì péré, tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ni àǹfààní ìtọ́jú yìí pọ̀ fún jù, torí òun náà ni eyín rẹ̀ ṣeé ṣe kó ṣẹ́ jù.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí dókítà sọ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀ iye ìjókòó tó máa gbà, pé eyín lè yí àwọ̀ padà, pé gbòǹgbò lè má dàgbà rárá, àti ohun tí yóò ṣe bí kò bá ṣiṣẹ́. Bó bá ṣèlérí fún yín pé eyín á padà di bó ṣe wà, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìjókòó kìíní, fífọ inú gbòǹgbò

Wọ́n á gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Wọ́n á ta rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹnu rẹ̀, eyín tí wọ́n fẹ́ tọ́jú nìkan ló máa yọrí láàárín rẹ̀. Ẹ má fojú kéré rọ́bà yìí. Òun ni kì í jẹ́ kí itọ́ àti kòkòrò inú rẹ̀ wọ ihò eyín, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi apakòkòrò tó le kan ọ̀fun ọmọ. Bí dókítà kò bá lò ó, ìtọ́jú yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn tí ó bá lu ihò sẹ́yìn eyín, fífọ̀ ló kù. Kò gbọ́dọ̀ ha ògiri, tàbí kó kàn fọwọ́ bà á gan-an ni. Omi ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Sódíọ̀mù haipokloráìtì ni wọ́n ń lò, òun ló wà nínú bíliìṣì. Ìlànà AAE ní kí ó jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mìlílítà 20, kí wọ́n rọra tú u sínú gbòǹgbò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹnu abẹ́rẹ́ sì dúró ní mílímítà 1 sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi iyọ̀ tàbí EDTA, omi oògùn kan tó ń bó ojú ògiri gbòǹgbò díẹ̀.

Ìwọ̀n ìdá 1.5 yẹn ní ìdí. Bí haipokloráìtì bá le jù, ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ gbòǹgbò, àwọn gan-an tí a ń retí pé kí wọ́n wá kọ́lé tuntun síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi ẹran ara mìíràn, wọ́n sì máa ń yè é nígbà míì pàápàá tí àrùn bá ti pa gbogbo múdùnmúdùn tó wà lókè wọn. Bó bá sì rọ̀ jù, kòkòrò ò ní kú. Ìsàlẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ tún jẹ́ kó rọrùn fún omi yìí láti ya jáde sínú ẹran ara, ìrora àti wíwú rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo abẹ́rẹ́ tí ihò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn kì í sì í fipá tì í.

Wọ́n á fi òwú bébà fa inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi oògùn sí i. Méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kálíṣíọ̀mù haidirọ́ọ̀sáìdì. Òun ni ESE yàn. Èkejì ni àdàlù oògùn apakòkòrò mẹ́ta: ciprofloxacin, metronidazole àti minocycline. Èyí ń pa kòkòrò gan-an, àmọ́ minocycline máa ń sọ eyín di rúsúrúsú, bí àdàlù náà bá sì ki jù, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Fún eyín iwájú tí ọmọ á máa fi rẹ́rìn-ín títí ayé rẹ̀, kálíṣíọ̀mù ni èmi yóò ní kí wọ́n lò. Kí ẹ béèrè. Wọ́n á wá fi ohun ìdíyín tó nípọn ní mílímítà 3 sí 4 dí ẹnu ihò náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Àárín ìjókòó méjèèjì

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 ni AAE fi sí i, ESE ní 2 sí 4. Ẹ máa wo èrìgì ọmọ lójoojúmọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa. Ìròrẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ yẹ kó gbẹ, wíwú yẹ kó lọ. Ọmọ lè máa fọ ẹnu bó ti ń ṣe, pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kó má ṣe fi eyín yẹn gé ohun líle. Bí ohun ìdíyín bá bọ́, ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, torí itọ́ tó wọlé ti kó kòkòrò padà sínú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìjókòó kejì, pípe ẹ̀jẹ̀ wọlé

Bí àmì àrùn bá ṣì wà, dókítà kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú. Á tún fọ̀ ọ́, á tún fi oògùn sí i, ẹ ó tún padà wá. Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó wọ ihò tí kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀ á di oúnjẹ fún wọn ni.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́, abẹ́rẹ́ tòní yàtọ̀ sí ti ọjọ́sí. Èyí tó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ eyín ní adirẹnalíìnì nínú, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì. Ẹ̀jẹ̀ gan-an ni a sì ń wá lónìí, nítorí náà mepivacaine ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ní adirẹnalíìnì ni wọ́n ń lò. Kì í pẹ́ lára bíi ti àkọ́kọ́, nítorí náà ọmọ lè tètè mọ ìrora lẹ́yìn tí ẹ bá délé.

Rọ́bà á tún padà sórí eyín. Wọ́n á fi EDTA ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún fọ oògùn ọjọ́sí kúrò, mìlílítà 20. EDTA kì í ṣe fún pípa kòkòrò. Ó ń bó ojú ògiri gbòǹgbò díẹ̀, àwọn ohun amúdàgbà tó ti há sínú ògiri náà láti ìgbà tí eyín ti ń hù á sì tú jáde, wọ́n á máa fa sẹ́ẹ̀lì wọlé. Lẹ́yìn náà ni dókítà á mú fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á rọra gún un kọjá ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ní mílímítà 2, títí ẹ̀jẹ̀ á fi rú sókè.

Ìgbà yìí ni òbí tó wà nínú yàrá máa ń bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ pupa ń gun inú eyín ọmọ bọ̀, dókítà sì ń wò ó láìdá a dúró. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Á jẹ́ kó gòkè dé tòsí ọrùn eyín, níbi tí èrìgì ti bẹ̀rẹ̀, á sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ó dì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yìí ni àtẹ̀gùn tí sẹ́ẹ̀lì máa gùn wọlé. Nígbà míì ẹ̀jẹ̀ kì í wá, tàbí kó wá díẹ̀. Dókítà lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá ọmọ, kó yí i nínú ẹ̀rọ láti ya apá tó kún fún ohun amúdàgbà sọ́tọ̀, kó sì fi ìyẹn sínú gbòǹgbò. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti gún ọmọ lápá bí ẹ̀jẹ̀ inú gbòǹgbò bá ti tó.

Lórí ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n á tẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ara lè gbà mì, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì oníṣègùn lé e, wọ́n á sì fi ohun ìdíyín tó le bò ó lórí. MTA lè sọ ọrùn eyín di dúdú díẹ̀, kódà èyí tó funfun. Àwọn sìmẹ́ǹtì tuntun irú Biodentine kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Fún eyín iwájú, ẹ bi wọ́n èwo ni wọ́n fẹ́ lò.

Ìrora díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò ṣàjèjì. Parasítámọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo ọmọ mu tó fún un. Bí ojú bá wú tàbí ibà dé, ẹ pe dókítà.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e

Òbí tó rí i pé ìrora ti lọ, tí kò sì padà wá mọ́, ti fi apá tó ṣe kókó jù nínú ìtọ́jú yìí sílẹ̀. AAE ní kí wọ́n wò ó ní oṣù 6, 12 àti 24, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. ESE fi oṣù 18 kún un, ó sì ní kí ó dé ọdún 5.

Ohun tí ẹ ń retí kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni pé kí ìrora, wíwú àti ọyún dáwọ́ dúró, kí eegun tó ti jẹ yí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ká sì hù padà. Èyí sábà máa ń hàn nínú X-ray láàárín oṣù 6 sí 12. Èkejì ni pé kí ògiri gbòǹgbò nípọn, kó sì gùn. Nínípọn sábà máa ń ṣáájú gígùn, láàárín oṣù 12 sí 24. Ẹ̀kẹta ni pé kí eyín tún máa gbọ́ òtútù.

Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé bí ti àkọ́kọ́ bá ti ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú ti yege, kí ẹ sì dúpẹ́. Ti èkejì jẹ́ èrè. Ti ẹ̀kẹta ṣọ̀wọ́n débi pé kí òbí má fi ṣe ìrètí. Àwọn eyín díẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ ìmúnǹkan-tóbi lẹ́yìn irú ìtọ́jú yìí fi hàn pé ohun tó hù nínú wọn kì í sábà jẹ́ múdùnmúdùn gidi. Ohun tó jọ eegun ni, àti ohun tó jọ èyí tó máa ń bo ara gbòǹgbò láti ìta. Ara tún ibẹ̀ ṣe ni, kò dá a padà sí bó ṣe wà. Fún ọmọ tó fẹ́ fi eyín náà gé oúnjẹ fún ọdún púpọ̀, àtúnṣe yẹn pọ̀.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé eyín tó kú nítorí jàǹbá kì í sábà dàgbà padà bíi ti èyí tó kú nítorí pé ó hù pẹ̀lú ṣóńṣó kékeré lórí rẹ̀, tí ṣóńṣó náà sì kán. Jàǹbá máa ń ba sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ àti awọ ara gbòǹgbò jẹ́ pọ̀ mọ́ múdùnmúdùn. Bí ọmọ bá ń ṣe eré tí wọ́n ti ń kọ lu ara wọn, ẹ ní kí dókítà ṣe ìbòyín fún un, torí ọrùn eyín náà ṣì fẹ́lẹ́.

Bí kò bá rí bí a ṣe fẹ́

Bí eyín bá yí àwọ̀ padà, wọ́n lè fọ̀ ọ́ funfun láti inú nígbà tó bá yá. Bí inú gbòǹgbò bá dí pátápátá pẹ̀lú ohun líle, tí kò sì sí ìrora tàbí òjìji nínú X-ray, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àrùn bá padà dé, kódà lẹ́yìn ọdún méjì tí gbogbo rẹ̀ ti dáa, wọ́n lè ṣí i, kí wọ́n tún ìtọ́jú náà ṣe, tàbí kí wọ́n fi MTA dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú yìí kò dí ọ̀nà èyíkéyìí mọ́ eyín náà.

Èyí tó le jù ni kí gbòǹgbò lẹ̀ mọ́ eegun, tó wọ́pọ̀ lára eyín tó já bọ́ tó sì pẹ́ níta, tàbí tó rì wọ inú eegun. Ẹ ó rí i pé bí ọmọ ṣe ń ga, tí eyín yòókù ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àgbọ̀n rẹ̀, ti tìhín dúró sókè, ó dà bí ẹni pé ó ń kúrú. Dókítà kò gbọ́dọ̀ fipá fà á yọ, torí eegun á bá a lọ. Wọ́n lè gé orí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi gbòǹgbò sílẹ̀ sínú kí ó máa di eegun díẹ̀díẹ̀, kí àyè ibẹ̀ má bàa jìn. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ ni ọmọ á máa lò fún ìgbà náà, títí àgbọ̀n rẹ̀ á fi dáwọ́ dídàgbà dúró, kí wọ́n tó lè gbin èyí tó máa wà pẹ́.